Ẹ kó àkọsílẹ̀ yín jáde kí fóònù tó kọṣẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ìwé ìròyìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí síbi tí àwọn òǹkàwé á ti rí i, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan gbogbo ẹni tó ń fi fóònù kọ nǹkan, ó sì kan ẹ̀yin náà tí ẹ ń gba ìwé lọ́wọ́ wọn.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ń kọ ìpinnu ìpàdé sórí fóònù. Olùkọ́ ń kọ ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ síbẹ̀. Ààfáà àti pásítọ̀ ń kọ wáàsí síbẹ̀, ìyálọ́jà ń kọ orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó síbẹ̀. Àwọn kan sì wà tí wọ́n jókòó ti ìyá àgbà nílé, tí wọ́n ń tẹ oríkì ìdílé bó ṣe ń bọ́ lẹ́nu màmá. Ti àwọn tó kẹ́yìn yìí ló ká mi lára jù, torí bí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá sọnù, ẹni tó sọ ọ́ lè má sí mọ́ láti tún un sọ.

Kíkó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bọ́ sórí kọ̀ǹpútà kò le. Bí fóònù bá ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kò gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ohun tó ń sọ ọ́ di ẹkún ni pé fóònù á ti já sómi, tàbí kí ojú rẹ̀ ti fọ́, kí èèyàn tó rántí. Wọ́n á wá fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Wọ́n á rí fọ́tò, wọ́n á rí orin, wọ́n á rí fídíò tí wọ́n gbà lórí WhatsApp, ṣùgbọ́n wọn ò ní rí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí wọ́n kọ. Wọ́n á ní wáyà ni kò dáa.

Wáyà kọ́. Ẹ jẹ́ ká fi ilé ṣe àpèjúwe. Fóònù Android ní pálọ̀: ibẹ̀ ni fódà DCIM tí fọ́tò ń wọ̀ wà, àti Download, àti Documents, àti Music. Ó sì ní ìyẹ̀wù. Áàpù kọ̀ọ̀kan ló ní ìyẹ̀wù tirẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Pálọ̀ nìkan ni wáyà lè wọ̀. Inú ìyẹ̀wù ni áàpù tí ẹ fi ń kọ̀wé sábà máa ń kó ọ̀rọ̀ yín sí. Àwọn tó ṣe Android ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀, kí áàpù kan má baà máa yọjú wo ohun tó wà nínú òmíràn, kí ẹni tó bá so fóònù yín mọ́ kọ̀ǹpútà má sì kó àṣírí yín lọ. Nítorí náà, ọ̀nà méjì péré ni ọ̀rọ̀ náà ń gbà jáde: kí áàpù fúnra rẹ̀ gbé e jáde wá sí pálọ̀, tàbí kó máa fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lábẹ́ orúkọ yín, kí kọ̀ǹpútà lọ gbà á níbẹ̀.

Ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ ni pé kí ẹ mọ orúkọ áàpù tí ẹ ń lò. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ọ́n. “Ibi tí mo ń kọ nǹkan sí” ni wọ́n máa ń pè é. Ẹ tẹ àwòrán rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí tí App info á fi yọ, ẹ ó rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o: ojú ewé yẹn náà ni Storage wà, inú rẹ̀ sì ni bọ́tìnnì méjì tó jọra wà. Clear cache kò ní ṣe ọ̀rọ̀ yín ní nǹkan kan. Clear data, tí àwọn fóònù mìíràn ń pè ní Clear storage, máa ń gbá gbogbo ìyẹ̀wù áàpù náà mọ́ pátá. Bí fóònù bá ti ń pariwo pé àyè ti kún, tí ẹni kan bá ní òun fẹ́ bá yín dín ẹrù rẹ̀ kù, ẹ má jẹ́ kó tẹ èyí lára áàpù tí ẹ fi ń kọ̀wé.

Bó bá jẹ́ Google Keep ni, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ẹ ṣí keep.google.com lórí kọ̀ǹpútà, ẹ fi Gmail tó wà lórí fóònù wọlé, gbogbo rẹ̀ á yọ síbẹ̀. Bí kò bá yọ, ohun tó sábà máa ń fà á ni pé Gmail méjì tàbí mẹ́ta wà lórí fóònù kan náà, ìkan tí ẹ dá, ìkan tí ẹni tó ta fóònù dá fún yín. Ẹ tẹ àmì róbótó tó wà lókè lápá ọ̀tún nínú Keep lórí fóònù, ẹ ka àdírẹ́sì tó wà níbẹ̀ lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Òun gan-an ni kí ẹ fi wọlé lórí kọ̀ǹpútà. Ohun kejì ni dátà. Ohun tí ẹ kọ nígbà tí dátà wà ní pípa ṣì ń dúró nínú fóònù ni, kò tíì gòkè. Ẹ tan dátà, ẹ ṣí Keep, ẹ fi ìka fa ojú rẹ̀ wálẹ̀, ẹ ní sùúrù díẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ tó lọ wo kọ̀ǹpútà.

Bí ẹ bá fẹ́ sọ ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ Keep di ìwé kan ṣoṣo, ẹ mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta, ẹ mú Copy to Google Docs. Inú Google Docs lórí kọ̀ǹpútà, ẹ lọ sí File, ẹ lọ sí Download, ẹ mú Microsoft Word. Ẹni tó bá fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ láìku ẹyọ kan, kó lọ sí takeout.google.com, kó kọ́kọ́ tẹ Deselect all, kó wá mú Keep nìkan. Google á di ẹrù náà sínú fáìlì zip, ìyẹn fáìlì kan tó kó ọ̀pọ̀ fáìlì sínú, á sì fi ìsọfúnni ránṣẹ́ sí ímeèlì yín pé ẹ wá gbà á. Fáìlì méjì ni ẹ ó rí fún àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan: èyí tó parí sí html ni kí ẹ ṣí, Chrome máa kà á, èyí tó parí sí json wà fún àwọn tó ń kọ prógíráàmù. Ẹ má pẹ́ kí ẹ tó gba zip náà, nítorí ó ní ọjọ́ tí ọ̀nà àtigbà á ń pa dé. Ohun tí ẹ bá sì ti jù sínú Trash nínú Keep, ọjọ́ 7 ló ní kó tó lọ pátápátá.

Samsung Notes yàtọ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá gbé fáìlì rẹ̀ bó ṣe wà, ó parí sí sdocx, Word ò sì mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣí àkọsílẹ̀ náà, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta, ẹ wá Save as file, á bi yín irú èyí tí ẹ fẹ́. Èyí tí ẹ bá fi ọwọ́ tẹ̀, ẹ mú Microsoft Word tàbí Text file. Èyí tí ẹ bá fi kálámù fóònù kọ bí ẹni kọ ọ́ sórí ìwé, ẹ mú PDF, torí Text file kò ní gbé ìkọ̀wé ọwọ́ yẹn, òfìfo ni ẹ ó bá.

Tecno, Infinix, itel, Xiaomi àti àwọn mìíràn ní áàpù ìkọ̀wé tiwọn tó bá fóònù wá láti ilé iṣẹ́. Àwọn wọ̀nyí ni mo máa ń bẹ̀rù jù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fi ẹ̀dà kankan pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì àyàfi bí ẹ bá dá àkáǹtì ilé iṣẹ́ náà tí ẹ sì tan sync rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì ṣe é rí. Ẹ ṣí àkọsílẹ̀, ẹ tẹ Share, ìyẹn àmì tóótòòtó mẹ́ta tí ìlà méjì so pọ̀. Bó bá bi yín bóyá ọ̀rọ̀ ni tàbí àwòrán, ẹ mú ọ̀rọ̀. Bí kò bá sí Share níbẹ̀ rárá, ọ̀nà tí kì í kùnà wà: ẹ tẹ ọ̀rọ̀ kan mọ́lẹ̀, ẹ mú Select all, ẹ mú Copy, ẹ lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ímeèlì tí ẹ kọ sí ara yín. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti lẹ̀ ẹ́, ẹ lọ wo ìlà tó gbẹ̀yìn. Bí ìlà tó gbẹ̀yìn lórí fóònù bá dọ́gba pẹ̀lú èyí tó wà nínú ímeèlì, ó pé. Áàpù bíi ColorNote ní ohun tó ń jẹ́ backup, ìyẹn ẹ̀dà ìpamọ́, ó dáa, ṣùgbọ́n ColorNote fúnra rẹ̀ nìkan ló lè ka fáìlì backup ọ̀hún. Ẹ má rò pé Word lè ṣí i.

Lórí iPhone, ẹ ṣí Notes, ẹ padà sẹ́yìn títí tí ẹ ó fi dé ibi tí Folders wà. Bí ẹ bá rí On My iPhone níbẹ̀, gbogbo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò sí níbòmíràn lágbàáyé yìí yàtọ̀ sí inú fóònù yẹn. Ẹ gbé wọn lọ sábẹ́ iCloud. Bí iCloud ò bá sí lórí àtẹ náà, ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ orúkọ yín, ẹ tẹ iCloud, ẹ tan Notes. Lẹ́yìn náà, icloud.com lórí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí á fi hàn yín. Apple máa ń fi nọ́ńbà 6 ránṣẹ́ sórí fóònù kó tó gbà yín láyè láti wọlé. Bí fóònù bá ti kú, tí síìmù tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀ náà ò sì sí lọ́wọ́ mọ́, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ẹ ó wà. Ẹ rí i pé síìmù tó wà nínú àkáǹtì yín ni ẹ ṣì ń lò. Lórí Notes, ohun tí ẹ bá pa rẹ́ á wà nínú Recently Deleted fún ọjọ́ 30.

WhatsApp ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ jù, kò sì burú. Láti 2022 ni ó ti ṣeé ṣe láti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ara ẹni: ẹ tẹ ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tuntun, orúkọ yín á wà lókè níbẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà ẹ ṣí web.whatsapp.com, lórí fóònù ẹ lọ sí Linked devices, ẹ fi kámẹ́rà wo àwòrán dúdú-funfun tó yọ. Ọ̀rọ̀ yín ti dé. Bí ó bá gùn, ẹ tẹ Read more títí tí gbogbo rẹ̀ á fi ṣí kí ẹ tó fi máòsì gbá a mú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, apá òkè nìkan ni ẹ ó gbé. Ohun kan wà tó ti da ìṣirò àwọn kan rú: bí ẹ bá fi àmì ìràwọ̀ sí iwájú àti ẹ̀yìn ọ̀rọ̀, WhatsApp á gbé ìràwọ̀ náà mì, á sì sọ ọ̀rọ̀ náà di dúdú kìrìmù. Ẹni tó ti fi ìràwọ̀ sàmì sí àwọn tí wọ́n ti san gbèsè wọn, kó wá àmì mìíràn kó tó fi ránṣẹ́. Telegram náà ní Saved Messages, ṣùgbọ́n lẹ́tà 4,096 ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó gé e sí méjì. Ẹ má fi SMS ṣe é rárá. SMS kan ń gba lẹ́tà 160 bó bá jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì lásán, ṣùgbọ́n bí ẹyọ ẹ kan ṣoṣo bá wọ inú rẹ̀, 70 ló máa gbà. Owó púpọ̀ ni yóò ná yín.

Ẹni tí kò fẹ́ ná dátà ló yẹ kó lo wáyà, lẹ́yìn tí áàpù bá ti gbé fáìlì náà jáde sí Documents tàbí Download. Kì í ṣe gbogbo wáyà ló ń gbé fáìlì: àwọn olówó pọ́ọ́kú kan wà tó jẹ́ iná nìkan ni wọ́n ń gbé, irin tó ń gbé ọ̀rọ̀ kò sí nínú wọn. Bí fóònù bá ń gba iná ṣùgbọ́n tí kọ̀ǹpútà ò sọ nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ wáyà. Tí kọ̀ǹpútà bá dáhùn, ẹ ṣí títì ojú fóònù, ẹ fi ìka fa òkè wálẹ̀, ẹ ó rí ibi tó ti sọ pé iná nìkan ni òun ń gbà. Ẹ tẹ ẹ́, ẹ mú File transfer. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí This PC, orúkọ fóònù yín á ti wà níbẹ̀. Copy ni kí ẹ lò, ẹ má lo Cut. Bí wáyà bá mì nígbà tí Cut ń lọ lọ́wọ́, fáìlì lè má sí níbí, kó má sí lọ́hùn-ún.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí àmì èdè wa, nítorí ibẹ̀ ni ẹni tó ń kọ Yorùbá ti ń pàdánù jù, ohun tí ẹ bá kà nípa fóònù lédè Gẹ̀ẹ́sì kò sì ní sọ ọ́ fún yín.

Inú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, á àti à náà ní tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Méjì méjì ni wọ́n: lẹ́tà kọ́kọ́ wà, àmì ohùn wá gùn ún lẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá tẹ Backspace lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ọ̀, ọ á ṣẹ́kù, àmì ohùn nìkan ló lọ. Kì í ṣe pé kọ̀ǹpútà bàjẹ́.

Bí àkọsílẹ̀ bá kúrò lórí fóònù gẹ́gẹ́ bí fáìlì txt, UTF-8 ni wọ́n sábà máa ń fi dì í, ìyẹn ọ̀nà tí ó fi ń to àwọn nọ́ńbà yẹn. Bí prógíráàmù orí kọ̀ǹpútà bá wá rò pé ọ̀nà àtijọ́ ti Windows ni wọ́n fi dì í, iṣẹ́ á di iá¹£áº¹Ì lójú yín. Ẹ má bẹ̀rù, ọ̀rọ̀ yín kò tíì sọnù. Kíkà ni kò kà á dáadáa. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ tẹ Save. Ẹ pa á dé láìfi pamọ́, ẹ tún un ṣí. Nínú Word, ojú kékeré kan tó ń jẹ́ File Conversion lè yọ. Ẹ mú Other encoding, ẹ wá Unicode UTF-8 nínú àtẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ yín bó ṣe ń padà bọ̀ sípò nísàlẹ̀ kí ẹ tó tẹ OK. Ìyálọ́jà tó fẹ́ ṣí àtẹ gbèsè tó jẹ́ csv, ìyẹn àtẹ tí wọ́n fi pamọ́ bí ọ̀rọ̀ lásán, nínú Excel kò gbọ́dọ̀ kan tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kó ṣí Excel tó ṣófo, kó lọ sí Data, kó mú From Text/CSV, kó rí i pé 65001 Unicode UTF-8 ló wà níbi File Origin.

Nínú Notepad, ibi tí Windows ti ń kọ ọ̀rọ̀ lásán, ewu mìíràn wà. Ẹ̀yà Windows 10 tó jáde ní 2019 ni Notepad ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi UTF-8 pamọ́ fúnra rẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, ANSI ni, ìyẹn ọ̀nà àtijọ́ ti Windows tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣì pọ̀ ní kafé. Bí ẹ bá fi ANSI pamọ́, ẹ, ọ àti ṣ á di àmì ìbéèrè, èyí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kíkà mọ́: ó ti lọ. Notepad máa ń kìlọ̀ kó tó ṣe é, àwọn èèyàn kì í ka ìkìlọ̀. Ẹ mú Save as, ẹ wo ìsàlẹ̀ níbi tó kọ Encoding sí, ẹ mú UTF-8.

Àwọn kan á ní àmì ò ṣe pàtàkì, pé ẹni tó gbọ́ Yorùbá á kà á. Kí wọ́n ka “owo” tí kò ní àmì kankan nínú oríkì tí wọn ò gbọ́ rí: ṣé owó ni, àbí òwò, àbí ọwọ́, àbí ọ̀wọ̀, àbí ọ̀wọ́, àbí ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀? Ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí màmá ń sọ ọ́ nìkan ló mọ̀.

Ìṣòro míì tún wà tí ojú kì í rí. Àwọn kíbọ́ọ̀dù fóònù kan ń kọ ọ ní nọ́ńbà rẹ̀ kan ṣoṣo. Òmíràn ń kọ o lásán, á wá fi àmì abẹ́ sí i lọ́tọ̀. Òmíràn sì ń lo ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán dípò tóótòòtó. Lójú tiwa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà, ohun mẹ́ta ni. Bí ẹ bá wá Ọ̀ṣun nínú ìwé ojú ewé 80, tí kọ̀ǹpútà sì ní kò sí, tí ẹ ń fi ojú ara yín rí i, ohun tó fà á nìyẹn. Ẹ ṣí Replace nínú Word, ẹ da ọ tó wà nínú ìwé náà kọ sí ibi Find, ẹ fi kíbọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà tẹ tiyín sí ìsàlẹ̀, ẹ tẹ Replace All, ẹ ṣe ẹ àti ṣ bákan náà. Ó sàn kí gbogbo ẹni tó ń kọ ìwé kan náà pa pọ̀ lo kíbọ́ọ̀dù kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀. Gboard ní Yorùbá lórí fóònù, Windows náà ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá nínú Settings níbi Language, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Bí àmì ohùn bá sì ń yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà dípò kó gùn ún, fọ́ńtì, ìyẹn irú ojú lẹ́tà tí ẹ ń lò, ni kò mọ̀ ọ́n gbé. Ẹ yí i sí Noto Sans tàbí Charis SIL.

Kí ẹ tó fi fáìlì pamọ́, ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ sí ìlà àkọ́kọ́, nítorí Copy kì í gbé ọjọ́ tí fóònù kọ sí àkọsílẹ̀ náà. Nínú orúkọ fáìlì, Windows kò gba / tàbí : tàbí ?, nítorí náà “Ìpàdé 12/03” kò ní ṣiṣẹ́. Ẹ fi ọdún ṣáájú, bíi 2025-03-12 ipade. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á fi máa tò tẹ̀ léra wọn. Orúkọ fáìlì nìkan ni mo gbà pé kí ẹ yọ àmì kúrò lára rẹ̀, torí àmì máa ń dàrú nínú zip. Ẹ sì rántí pé fọ́tò àti ohùn tí ẹ so mọ́ àkọsílẹ̀ kò ní bá ọ̀rọ̀ lọ nígbà tí ẹ bá ṣe Copy. Ẹ kó wọn lọ́tọ̀.

Bí fóònù bá ti fọ́ ńkọ́? Bí ojú rẹ̀ bá ṣì ń tàn ṣùgbọ́n tí kò gbọ́ ìka, ẹ ra wáyà kékeré OTG, ẹ so máòsì kọ̀ǹpútà mọ́ fóònù. Lórí ọ̀pọ̀ Android, ọfà á yọ lójú rẹ̀, ẹ ó sì fi tẹ ohun gbogbo. Bí ojú bá ṣókùnkùn pátá, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ ojú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣe nǹkan mìíràn. Fóònù kò ní jẹ́ kí kọ̀ǹpútà wọ pálọ̀ pàápàá bí ẹ ò bá lè ṣí títì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tó ń tún un ṣe kó tó fọwọ́ kàn án ni pé kò gbọ́dọ̀ flash ẹ̀, ìyẹn kó tún ètò inú rẹ̀ kọ látìbẹ̀rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ ṣe reset, ìyẹn kó dá a padà sí bó ṣe rí nígbà tó ti ilé iṣẹ́ dé. Reset ń gbá ìyẹ̀wù gbogbo áàpù mọ́, flash náà sì sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí wáyà tó lè dá a padà.

Ní kafé, bí ẹ bá parí, ẹ padà sí Linked devices nínú WhatsApp lórí fóònù, ẹ tẹ orúkọ kọ̀ǹpútà náà, ẹ tẹ Log out. Pípa Chrome dé kò tó. Nọ́ńbà ATM àti BVN kò sì yẹ nínú àkọsílẹ̀ tí ẹ máa ṣí níbẹ̀.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ mi sí yín nìyí. Ọ̀pọ̀ tó ń fi ìtàn àti oríkì ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn Yorùbá ń ya àwòrán ojú fóònù wọn ni, wọ́n á fi àwòrán mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ránṣẹ́ lórí WhatsApp. WhatsApp á fún wọn pọ̀, àmì abẹ́ á di ẹ̀ẹ̀rí lásán lójú ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, ẹni yẹn á sì máa fojú inú wò ó bóyá o ni tàbí ọ. Ọ̀rọ̀ tó kún ojú ewé kan pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ kò ju nǹkan bí 4 KB lọ. Ọgọ́rùn-ún ojú ewé kò tó 1 MB. Àwòrán ojú fóònù kan ṣoṣo lè ju èyí lọ. Ẹ bá wa ya àpótí kékeré kan sí ojú ewé lẹ́tà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ kọ sínú rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ni kí àwọn òǹkàwé fi ránṣẹ́, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ímeèlì gan-an tàbí kí wọ́n so ó mọ́ ọn ní docx, ìyẹn fáìlì Word, kí wọ́n má ya àwòrán rẹ̀. Kí wọ́n sọ kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n má sì pa ti orí fóònù rẹ́ títí tí wọ́n á fi rí i nínú ìwé ìròyìn. Kí àwọn atẹ̀wé yín náà tọ́jú ímeèlì tí wọ́n gbà bó ṣe dé, lọ́tọ̀ sí èyí tí wọ́n tún ṣe, kó lè ṣeé fi wéra bí ẹni tó kọ ọ́ bá ní a ti yí ohùn òun padà.

Èmi ni tiyín,
Atẹ̀wé kan, Ìbàdàn